Ta Ni Ó Di Fìtílà Mú?

Ọ̀rọ̀ sí àwọn olùkọ́ lórí àwòrán ara ògiri

Láìpẹ́ yìí, àwa wà láàrin àwọn olùkọ́ tí wọ́n péjọ sínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan láti gbọ́ àlàyé lórí ọ̀nà tí a lè gbà kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn ilẹ̀ wọn. Ọ̀mọ̀wé tí ó wá bá wa sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ rárá. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tí ń tan àwòrán sára ògiri, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa. Láti ìgbà náà lọ, ògiri ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí ó ti kọ sílẹ̀ ni ó ń kà sí wa létí, gbólóhùn lẹ́yìn gbólóhùn, bí ẹni pé àwa tí a jókòó síbẹ̀ kò mọ̀wé kà. Ó ka ojú-ewé kìíní, ó ka èkejì, ó kà á dé ìkọkàndínlógún. Bí ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ogún, iná mànàmáná lọ.

Òkùnkùn bo ògiri, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu ọ̀mọ̀wé. Bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó, kò lè dá dúró. Ó ní kí a forí ji òun, nítorí pé inú ẹ̀rọ ni gbogbo ohun tí òun fẹ́ sọ wà.

Nígbà náà ni ìyá àgbà kan dìde, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó tọrọ àyè, ó mú fọ́tò kan ṣoṣo jáde nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti lè bà á. Fọ́tò ilé-ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ lọ nígbà èwe ni. Ó ní kí a máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó sọ fún wa bí àwọn òbí ti po amọ̀ tí a fi mọ ilé náà, ó sọ ìdí tí àwọn ọmọbìnrin fi kéré níye nínú fọ́tò, ó sì sọ ibi tí ayé gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé. Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ó fi sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò wúkọ́. Nígbà tí a jáde, ọ̀rọ̀ ìyá náà ni gbogbo ènìyàn ń sọ.

Àwa kò mú ìtàn yìí wá láti fi ọ̀mọ̀wé náà ṣe yẹ̀yẹ́. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti ṣe bí ó ti ṣe, àwa tí a ń kọ̀wé yìí kò sì yọ ara wa sílẹ̀. Nígbà tí a wà lókè òkun fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a rí i tí àwọn kan ń ṣe, a sì rò pé ọ̀làjú ni. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni èyí: nínú olùkọ́ àti àwòrán tí ó wà lára ògiri, ta ni ọ̀gá, ta sì ni ọmọ-ọ̀dọ̀? Àwọn baba wa ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Àwòrán pẹ̀lú, ẹṣin ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ẹṣin gùn, ibi tí ó wu ẹṣin ni ẹṣin yóò gbé e lọ.

Ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí ni àwọn ojú-ewé àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí a ń tò tẹ̀lé ara wọn nínú kọ̀ǹpútà, tí a sì ń tàn sára ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọ̀rọ̀ ti ń lọ. Síláìdì ni àwọn olùkọ́ ń pè é, àwa náà yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀.

Fìtílà Tí Ó Ṣáájú Iná Mànàmáná

Síláìdì kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1659 ni Christiaan Huygens, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Họ́láńdì, ti ní fìtílà aláwòrán. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le. Wọn a kun àwòrán sára gíláàsì pẹlẹbẹ. Wọn a fi iná sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a sì fi awò tí ń mú nǹkan tóbi sí iwájú. Nítorí pé awò náà a máa yí àwòrán padà, wọn a dorí gíláàsì kodò kí àwòrán ba lè dúró ṣánṣán lára ògiri. Ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ a wá tóbi tó ènìyàn.

Fìtílà yìí dé Áfíríkà ní àkókò àwọn òyìnbó oníwàásù. David Livingstone gbé ọ̀kan rìn, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1854 ní ààfin Shinte, ọ̀kan nínú àwọn olórí ìlú ní ilẹ̀ Lunda. Àwòrán Abrahamu tí ó gbé ọ̀bẹ sókè lórí Isaaki ọmọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi hàn. Nígbà tí ó ń sún gíláàsì náà kúrò láti fi òmíràn sí i, lójú àwọn obìnrin tí ń wòran, ó dà bí ẹni pé ọ̀bẹ náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n sì ń ké pe ìyá wọn.

Àwọn òǹkàwé mìíràn lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Shinte kò sá. Ó jókòó títí àwòrán fi tán, lẹ́yìn èyí ó sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní láti mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìwà tí ó yẹ ọmọ Áfíríkà nìyẹn níwájú ohun titun: kí a má sá fún un, kí a má sì wólẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kí a yí i lọ sẹ́yìn kí a wo ibi tí iná rẹ̀ ti ń jáde.

Àwòrán Tí Ọba Kò Lè Fi Owó Rà

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì nípa agbára àwòrán ara ògiri, kí ó gbọ́ ìtàn Kóńgò. Láti ọdún 1885, Leopold Kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀mù, sọ ilẹ̀ ńlá náà di ohun-ìní tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Rọ́bà ni ó ń wá. Ìlú tí kò bá mú rọ́bà wá tó, àwọn ọmọ-ogun àti ẹ̀ṣọ́ a yìnbọn fún wọn. Wọn a sì gé ọwọ́ òkú wá fún ọ̀gá wọn láti fi hàn pé ọta ìbọn kò ṣòfò. Ní Yúróòpù, ọba náà ń sọ fún gbogbo ayé pé iṣẹ́ àánú ni òun ń ṣe.

Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1904, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Nsala wá sí ilé àwọn oníwàásù ní Baringa. Ohun tí ó dì mọ́wọ́ ni ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan, ti Boali ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ rọ́bà ti pa. Alice Seeley Harris, aya oníwàásù, ní ẹ̀rọ fọ́tò lọ́wọ́. Ó ya baba náà níbi tí ó jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó ń wo ohun tí ó kù lára ọmọ rẹ̀.

Wọ́n sọ fọ́tò náà àti àwọn mìíràn di gíláàsì fún fìtílà aláwòrán. Ẹgbẹ́ tí E. D. Morel dá sílẹ̀ ní ọdún 1904 nítorí ọ̀ràn Kóńgò gbé wọn káàkiri ilé ìjọsìn àti gbọ̀ngàn. Ní ọdún 1906, Alice àti John ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé tí ó ju 200 lọ ní ìlú 49 ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n tún ṣe, nítorí pé òun ni ó kan àwa olùkọ́ jù. Wọ́n mọ̀ pé ènìyàn méjì kò lè dé gbogbo ìlú. Nítorí náà a ṣe ẹ̀dà àwòrán 60, a sì tẹ ọ̀rọ̀ tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu sínú ìwé kékeré kan, kí ẹni tí kò dé Kóńgò rí ba lè gba àpótí gíláàsì náà, kí ó tan fìtílà, kí ó sì sọ ìtàn náà bí ó ti yẹ.

Mark Twain, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé ẹ̀fẹ̀ kan ní ọdún 1905 nínú èyí tí ọba náà ti ń ráhùn pé nínú gbogbo ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ fọ́tò nìkan ni òun kò rí owó rà. Ní ọdún 1908, a gba Kóńgò kúrò lọ́wọ́ Leopold, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù. Àwòrán nìkan kọ́ ni ó ṣe é. Ìwé, ẹ̀rí àwọn ará Kóńgò fúnra wọn àti ìṣèlú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò jẹ́ ka ìwé ìjọba ni ó rí Nsala lára ògiri, tí wọn kò sì lè sọ pé àwọn kò mọ̀.

Apá Kejì Ọ̀rọ̀ Náà

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ dákẹ́ síbẹ̀. Nsala kò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ara rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà. Ẹlòmíràn ni ó ń ròyìn rẹ̀. Gbogbo ohun tí àwọn tí ó wòran mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ìbànújẹ́ rẹ̀ lọ; wọn kò mọ oríkì rẹ̀, wọn kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọn kò mọ ohun tí ó fẹ́ fún ilẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ náà sì bọ́ lọ́wọ́ ọba kan sọ́wọ́ ìjọba kan. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1960 ni ó tó di ti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní àkókò kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fi fìtílà yìí kan náà ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ní ọdún 1902, a yan ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ òkèèrè, láti máa fi síláìdì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nípa àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí, kí wọn sì máa fi kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wọ̀nyẹn nípa títóbi Gẹ̀ẹ́sì. Láàrin ọdún 1907 sí 1910, wọ́n rán ayàwòrán kan, A. Hugh Fisher, káàkiri láti Índíà títí dé Ọsirélíà, kí ó lọ kó àwòrán wá. Ohun tí ó yẹ kí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì rí ni a yàn fún un, ohun tí ó yẹ kí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè rí ni a yàn fún òun náà.

Fìtílà kan náà ni. Ọ̀kan tú àṣírí ìkà, èkejì gbé ìjọba lé orí àwọn ẹlòmíràn lárugẹ. Fìtílà kò ní ọ̀rẹ́, kò sì ní ọ̀tá. Ẹni tí ó dì í mú ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ìdí nìyí tí a kò fi lè gbà kí olùkọ́ wa kọ ẹ̀yìn sí ọmọ, kí ó máa ka ohun tí ẹlòmíràn kọ.

Fìtílà Bọ́ Sọ́wọ́ Gbogbo Ènìyàn

Fún ìgbà pípẹ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè ṣe síláìdì. Ó ń fẹ́ gíláàsì tàbí fíìmù, ó ń fẹ́ oògùn ìfọfọ́tò, ó ń fẹ́ owó. Ọdún 1987 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún náà, Robert Gaskins, Dennis Austin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Kalifóníà gbé PowerPoint jáde, ètò kọ̀ǹpútà tí ó fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní agbára láti to síláìdì tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Microsoft ti ra ilé-iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Nígbà tí ó di 2004, Kodak dáwọ́ dúró, kò ṣe ẹ̀rọ síláìdì onífíìmù mọ́. Ní 2006, SlideShare bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ènìyàn ti lè gbé síláìdì rẹ̀ sí kí gbogbo ayé rí i. Lónìí, olùkọ́ tí ó ní fóònù olówó pọ́ọ́kú lè ṣe lọ́wọ́ ara rẹ̀ ohun tí ìgbìmọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó rọrùn láti ṣe, ó rọrùn láti bàjẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, ọkọ̀ òfuurufú Columbia ti Amẹ́ríkà gbéra. Bí ó ti ń gòkè, ègé fóòmù kan bọ́, ó sì lu apá òsì rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi síláìdì ṣàlàyé ọ̀ràn náà fún àwọn ọ̀gá. Lára ọ̀kan nínú àwọn síláìdì náà, àkọlé ńlá tí ó wà lókè fi ọkàn ẹni balẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà kékeré, ni a kọ ọ́ sí pé fóòmù tí ó bọ́ tóbi ju èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò rí lọ ní ìlọ́po 640. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, ọkọ̀ náà fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ó ti ń padà bọ̀, àwọn méje tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Síláìdì kọ́ ni ó pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwádìí sọ ọ́ gbangba nínú oṣù kẹjọ ọdún náà pé ọ̀gá tí ó bá ka síláìdì yẹn lè má mọ̀ rárá pé ọ̀ràn ẹ̀mí ni. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni a fi pamọ́ sí ìdí ojú-ewé.

Bí Olùkọ́ Yóò Ti Ṣe É

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa adìrẹ, síláìdì mẹ́fà tó. Èkínní, odindi aṣọ adìrẹ, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Kí olùkọ́ bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n rí, kí ó sì dákẹ́ gbọ́ wọn. Èkejì, ewé ẹ̀lú tí a fi ń ṣe aró. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ ìyá kan tí ó mú ìyẹ́ adìẹ, tí ó fi ẹ̀kọ láfún ń ya ọnà sára aṣọ funfun. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì péré: adìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kẹrin, aṣọ tí a fi iko dì ní kókó-kókó: adìrẹ oníko. Ẹ̀karùn-ún, ìkòkò aró. Ẹ̀kẹfà, aṣọ tí a ti fọ ẹ̀kọ kúrò lára rẹ̀, tí ibi tí ẹ̀kọ wà kò gba aró bí ìyókù. Gbogbo àlàyé yòókù, ẹnu olùkọ́ ni ó yẹ kí ó ti jáde.

Láti inú àpẹẹrẹ yìí, ẹ ó rí ìlànà tí a ń tẹ̀lé. Ohun kan ṣoṣo ni kí ó wà lára síláìdì kan. Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá yóò fi rí i kà. Ohun tí ó ṣe kókó kò gbọdọ̀ sí ní ìdí ojú-ewé. Kí olùkọ́ kọ ojú sí ọmọ, kí ó má kọ ẹ̀yìn.

Bí ó bá ṣeé ṣe, kí àwòrán jẹ́ ti àdúgbò yín. Ẹni tí ó wà nítòsí Abẹ́òkúta, kí ó lọ sí ọjà Ìtòkú lọ ya adìrẹ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kí àwọn ìyá aláró, kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ fi fọ́tò ṣe, kí ó sì tọrọ àyè kí ó tó yà wọ́n. Kí ó bi wọ́n léèrè orúkọ ọnà tí ó wà lára aṣọ, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti pè é. Ohun tí a kò ṣe fún Nsala, ẹ jẹ́ kí a ṣe é fún àwọn ìyá wa: kí ohùn wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán wọn.

Nípa èdè, a kò ní fi bọpo bọyọ̀. Síláìdì Yorùbá tí kò ní àmì ohùn, àdììtú ni. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ọkùnrin ilé, irin-iṣẹ́ àgbẹ̀, ohun tí a ń wọ̀ rìnrìn-àjò, àti ohun ìjà. Bí a bá yọ àmì kúrò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Bí a bá gbé síláìdì láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé àwọn lẹ́tà alámì a fọ́, àpótí kékeré a sì dípò wọn. Kí olùkọ́ sọ iṣẹ́ náà di PDF kí ó tó fi ránṣẹ́. Lẹ́tà rẹ̀ kò ní yí padà ní ibikíbi tí ó bá dé.

Iṣẹ́ Tí A Kò Pín, Àbọ̀ Iṣẹ́ Ni

Ó dùn wá láti rí i pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa ṣe iṣẹ́ rere, wọn a sì tì í mọ́ inú fóònù wọn títí fóònù yóò fi bàjẹ́. Ẹ rántí àpótí gíláàsì Kóńgò: àwòrán 60 pẹ̀lú ìwé ọ̀rọ̀. Síláìdì tí a fi ránṣẹ́ láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu tí ó bá a lọ dà bí ìlù tí kò ní onílù. Ààyè wà nísàlẹ̀ síláìdì kọ̀ọ̀kan nínú PowerPoint láti kọ ohun tí olùkọ́ yóò sọ. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó wà nínú PDF pẹ̀lú. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó ya fọ́tò, ibi tí a ti yà á àti ọdún rẹ̀. Ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù kí ó má ba à jẹ dátà ẹni tí yóò gbà á lórí WhatsApp. Bí ẹ bá sì lo iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ má ṣe yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Olè ni ìyẹn, ì báà jẹ́ pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹ jí i fún.

Ẹ wo bí ó ti lè rìn jìnnà tó. Ohun tí olùkọ́ kan ṣe ní Abẹ́òkúta, ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì lè fi kọ́ wọn lọ́la. Ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí èdè Faransé ti jẹ́ èdè ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ tí ń sọ Yorùbá nílé lè rí i kà. Àwọn òbí tí ń kọ́ ọmọ wọn lédè ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní máa fi ẹnu lásán ṣàpèjúwe ìkòkò aró fún ọmọ tí kò rí i rí. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà sáàrin wa kò dí àwòrán lọ́nà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ tún gba ìmọ̀ràn kan kún un. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ tẹ síláìdì yín sórí ìwé, kódà bí ó jẹ́ ojú-ewé kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi í sínú àpò. Kí ẹ sọ ẹ̀kọ́ náà tán lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá yín láìtan ẹ̀rọ kankan. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kò tí ì ṣetán láti kọ́ ẹnikẹ́ni.

A bi ìyá àgbà ọjọ́ náà léèrè bí ó bá máa ń lo síláìdì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ-ọmọ òun ti ya fọ́tò ilé-ẹ̀kọ́ náà sínú fóònù, ó sì ti tò ó pẹ̀lú àwọn mìíràn, òun sì ti ka ọ̀rọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òun ti tún un ṣe. Ó ní bí iná bá wà, òun yóò tàn án. Bí kò bá sí, ojú fèrèsé wà.